Bí Ilé-iṣẹ́ Kékeré Ṣe Lè Ṣe Géèmù Orí Fóònù Kí Ó sì Gbé e Jáde

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni méjì sí márùn-ún tí wọ́n pawọ́ pọ̀ láti ṣe géèmù orí fóònù láìsí olówó ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fi iye òṣìṣẹ́ tàbí owó ìpolówó bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díje, ṣùgbọ́n ó lè yára yí ọkàn padà jù wọ́n lọ, nítorí ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti pa èrò kan tì kí a sì gbé òmíràn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìpinnu ni a lè yí padà bẹ́ẹ̀. A lè tún àwọ̀ bọ́tìnnì ṣe lónìí, kí a dín agbára ọ̀tá kù lọ́la, kí a sì fi kún ẹ̀bùn ìpele kẹta ní ọ̀túnla. Àwọn ìpinnu mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí a bá ti ṣe wọ́n, wọ́n di ṣíṣe nìyẹn. Èrò mi ni pé kí a fara balẹ̀ gidigidi sórí àwọn tí kò ní àtúnṣe, kí a má sì jẹ́ kí àwọn tó ní àtúnṣe dá wa dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ kóòdù

Àwọn ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń dá irú ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀ owó. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ó ni kóòdù, ẹni tí ó ni àwòrán àti orin, bí ẹ ó ṣe pín owó tí ó bá wọlé, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ kí géèmù tó parí. Ojú ewé méjì tí gbogbo yín fọwọ́ sí nígbà tí kò tíì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ rọrùn láti kọ. Lẹ́yìn tí owó bá dé, ìjà ni yóò dà.

Ẹni ìta tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún, ìbáà ṣe ayàwòrán tàbí olórin, nílò ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó iṣẹ́ tí ẹ san kò sọ yín di ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà; ẹni tí ó ṣe é ló ṣì ni í títí tí yóò fi fọwọ́ sí i pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún yín. Ẹ ṣí ìwé kan sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa kọ gbogbo àwòrán, ìró, orin àti fọ́ǹtì tí ó bá wọ inú géèmù síbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí i àti irú àṣẹ tí ó bá a wá. Fọ́ǹtì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí a rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni a kò gbà láyè láti fi ṣòwò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá géèmù tí agbára yín ká

Ẹ kọ gbogbo géèmù náà sí ojú ewé kan ṣoṣo: ohun tí ìka ẹni tí ń ṣeré yóò máa ṣe, ohun tí ó ń lé, ohun tí ń dí i lọ́wọ́, àti ìdí tí yóò fi fẹ́ tún un ṣe. Bí ojú ewé kan kò bá gbà á, ó ti tóbi jù fún ẹni mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣeré lórí fóònù, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpè sì lè wọlé nígbàkígbà. Géèmù tí kò ṣeé dá dúró láàárín, tàbí tí ń béèrè àtàǹpàkò méjì àti ojú tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́, ti lé ọ̀pọ̀ wọn lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe àwòṣe rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí àwòrán tó rẹwà kankan. Kí onígun mẹ́rin dúró fún akọni, kí òbírí dúró fún ọ̀tá, kí ó sì má sí orin rárá. Ẹ gbé fóònù lé ẹnì kan tí kò mọ nǹkankan nípa iṣẹ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì panu mọ́, bí ẹnu tilẹ̀ ń yún yín láti ṣàlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí púpọ̀, nítorí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ ohun tí yóò bà yín lọ́kàn jẹ́. Nígbà tí ó bá pàdánù, ṣé ìka rẹ̀ ti lọ sórí bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbójú sókè, àbí ó dá fóònù padà fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín? Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ yí ìpìlẹ̀ eré náà padà tàbí kí ẹ jù ú nù. Orin dídùn àti àwòrán rírẹwà kò tíì gba eré tí kò dùn sílẹ̀ rí.

Àwọn kan máa ń fi èrò wọn pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù olè. Òtítọ́ ni pé òfin kì í sábà dáàbò bo èrò géèmù. Kóòdù, àwòrán, orin àti orúkọ ni ó máa ń dáàbò bò. Ní oṣù kejì ọdún 2014, géèmù kan tí ń jẹ́ Threes jáde lẹ́yìn bí oṣù 14 tí àwọn tí ó ṣe é ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Gabriele Cirulli gbé 2048 jáde lọ́fẹ̀ẹ́, géèmù kan tí ọ̀nà ìṣeré rẹ̀ sún mọ́ ti Threes gan-an, tí ó sì ṣe láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ayé sì gbà á. Fífi èrò pamọ́ kò lè dènà irú èyí, nítorí ẹ̀yìn tí géèmù bá ti jáde ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi àwòṣe yín han àwọn ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ẹ́ńjìnì, kí ẹ má sì tún yẹsẹ̀

Ẹ́ńjìnì ni sọ́fítíwia tí ẹ ó fi kọ́ géèmù náà. Unity, tí a ń fi èdè C# kọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún géèmù orí fóònù, èyí sì mú kí ìdáhùn sí ìṣòro rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Godot jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, kò sì gba ìdá kankan nínú owó yín. Fún eré tí kò ní àwòrán onípele mẹ́ta (3D) tí ó wúwo, òun ni èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Unreal lágbára gidigidi, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo jù fún irú eré tí ẹni mẹ́ta lè parí.

Ẹ ka àdéhùn ẹ́ńjìnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Unity kéde pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ, ariwo sì sọ láàárín àwọn tó ń ṣe géèmù. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó tó fagi lé owó náà. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró sórí ẹ̀dà ẹ́ńjìnì kan títí yóò fi parí, àyàfi bí àṣìṣe kan bá wà tí ẹ̀dà tuntun nìkan lè tún ṣe. Ẹ fi Git, sọ́fítíwia tí ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, pa gbogbo kóòdù mọ́ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì rántí pé géèmù iPhone nílò kọ̀ǹpútà Mac tí Xcode, sọ́fítíwia tí Apple ṣe fún kíkọ áàpù, wà lórí rẹ̀ kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ Apple, ìbáà jẹ́ Mac tí ẹ yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ́ ọ fún fóònù tí kò lágbára

Ẹ ra fóònù Android kan tí owó rẹ̀ kéré, tí agbára ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì 2 tàbí 3 lọ, kí ẹ sì máa dán géèmù wò lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá ń lọ geere níbẹ̀, yóò lọ níbi gbogbo.

Àwòrán ló máa ń jẹ agbára ìrántí jù, ibẹ̀ náà sì ni ìṣirò ti máa ń tan àwọn tí kò tíì ṣe é rí. Ẹ mú àwòrán kan tí ó jẹ́ ojúàmì (pixel) 2048 ní ìbú àti 2048 ní òró. Fáìlì PNG rẹ̀ lè má tó mẹ́gábáìtì kan, ọkàn yín á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù bá tú u palẹ̀ láti yà á sójú, báìtì 4 ni ojúàmì kọ̀ọ̀kan ń gbà, gbogbo rẹ̀ sì di mẹ́gábáìtì 16. Irú rẹ̀ mẹ́wàá ti di 160, fóònù kékeré yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Bí ẹ bá fi ìlànà ìfúnpọ̀ ASTC 4x4 sí i (4x4 ni ìwọ̀n ìdìpọ̀ ojúàmì tí ó ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), yóò dín kù sí mẹ́gábáìtì 4. Bí ó bá jẹ́ 8x8, yóò di mẹ́gábáìtì 1, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àwòrán lè máa rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Ohun tí mo dámọ̀ràn ni pé kí ẹ fi 8x8 sí àwòrán ẹ̀yìn tí ojú kì í dúró lé, kí ẹ sì fi 4x4 sí akọni àti ọ̀rọ̀ tí a ń kà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo iṣẹ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀. Géèmù àfọgbọ́nṣe tí kò yára lè lo ìgbà 30, kí bátìrì lè pẹ́ kí fóònù má sì gbóná. Ẹ máa ṣeré fún ogún ìṣẹ́jú gbáko kí ẹ tó sọ pé ó ń lọ dáadáa, nítorí fóònù tí ó bá gbóná máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù, ìdánwò ìṣẹ́jú méjì kò sì lè fi èyí hàn.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ó ti ń kọ géèmù kọ̀ǹpútà bọ̀ kì í tètè mọ̀. Lórí fóònù, ètò ẹ̀rọ lè pa géèmù yín nígbà tí ẹni tí ń ṣeré bá yà sórí áàpù mìíràn, kò sì ní kọ́kọ́ sọ fún yín. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ kóòdù pé kí géèmù fi ibi tí ènìyàn dé pamọ́ nígbà tí ó bá ń tì í, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò parẹ́. Ìgbà tí géèmù bá kúrò lójú fóònù, àti ìgbà tí ìpele kọ̀ọ̀kan bá parí, ni kí ẹ máa fi í pamọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pinnu bí owó yóò ṣe wọlé

Ìpinnu yìí kò ní àtúnṣe ní apá kan: lórí Google Play, ìyẹn ìsọ̀ áàpù ti Google, géèmù tí ó bá ti jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè padà di títà mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta á lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ gbé áàpù tuntun jáde, láìsí àwọn tó ti gbà á àti àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ti fún un. Ẹ pinnu kí ó tó jáde.

Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, èyí tí mo rí pé ó rọrùn jù láti bójú tó ni géèmù ọ̀fẹ́ tí ó ní ìpolówó ẹ̀bùn, ìyẹn èyí tí ẹni tí ń ṣeré fúnra rẹ̀ yàn láti wò kí ó lè rí ẹ̀mí kan sí i tàbí owó inú eré, pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tí a lè rà lẹ́ẹ̀kan láti mú àwọn ìpolówó yòókù kúrò. Ìpolówó tí ń bo gbogbo ojú fóònù láàárín ìpele máa ń mú owó wá lónìí, á sì lé ènìyàn lọ lọ́la. Bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ fi í sí àárín ìpele méjì, kó má sì jẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù. Nígbà tí ẹ bá ń kọ kóòdù, àmì ìpolówó ìdánwò ni kí ẹ lò, nítorí ẹni tí ó bá ń tẹ ìpolówó gidi inú géèmù ara rẹ̀ lè pàdánù àkáǹtì ìpolówó rẹ̀ pátápátá.

Ní ọdún 2021, Google àti Apple jọ ní ètò tí ó dín ìpín tiwọn kù láti ìdá 30 sí ìdá 15 nínú 100 fún mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ kékeré bá pa lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ń ta àpótí tí ènìyàn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, Apple ń fẹ́ kí ẹ fi ìṣeéṣe ohun kọ̀ọ̀kan hàn kí wọ́n tó rà á. Bí eré yín bá sì jẹ́ ti ọmọdé, òfin COPPA ti Amẹ́ríkà kò fàyè gba kíkó àlàyé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 jọ láìgba àṣẹ òbí, èyí sì kan ìpolówó tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣí àkáǹtì ṣáájú ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ibí yìí sì ni ogun ti máa ń ká ọ̀pọ̀ mọ́lé. Dọ́là 25 ni Google ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àkáǹtì tí a fi ń gbé géèmù jáde, Apple sì ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ nílò nọ́ńbà D-U-N-S, nọ́ńbà tí a fi ń dá ilé-iṣẹ́ mọ̀, èyí tí ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Lórí Google Play, àkáǹtì tí a bá fi orúkọ ara ẹni, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú olùdánwò méjìlá, ó kéré tán, fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́ dúró, kí ó tó lè béèrè àyè láti gbé géèmù sí gbangba. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ yóò ti kéde ọjọ́ ìjáde, kí ó tó rí i pé ọjọ́ náà kò bọ́ sí i. Ẹ má fi ìméèlì ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ṣí àkáǹtì. Ẹ lo èyí tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kí ẹni méjì sì lè wọ inú rẹ̀.

Orúkọ páákéèjì ni orúkọ tí ètò ẹ̀rọ fi mọ áàpù yín, tí ó máa ń rí bíi com.ilese.eremi. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, kò ṣeé yí padà láé, nítorí náà ẹ má fi orúkọ àwòṣe tàbí àwàdà kankan síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń fọwọ́ sí áàpù Android tún wà. Ẹ jẹ́ kí Google bá yín tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àgbà nípasẹ̀ Play App Signing, kí èyí tí ẹ ó máa fi gbé fáìlì sókè wà lọ́wọ́ yín. Bí tiyín bá sọnù, a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ pa á mọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì fi í sínú Git.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fún àwọn àjèjì láti dán an wò

Àwọn ọ̀rẹ́ ti mọ géèmù yín jù. TestFlight ti Apple gba olùdánwò ìta tó 10,000, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 90. Kí ẹ tó pín in, ẹ fi kóòdù kékeré sínú rẹ̀ tí yóò máa kọ ìgbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìpele kan àti ìgbà tí ó parí rẹ̀. Bí 100 ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ ìpele kẹrin, tí 55 péré sì parí rẹ̀, nígbà tí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta ló parí rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ẹ ṣí ìpele náà, kí ẹ wá ohun tí ó yí padà níbẹ̀: bóyá ọ̀tá tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ni, bóyá bọ́tìnnì tí ìka ń bò mọ́lẹ̀.

Iye ènìyàn tí ó tún padà ṣí géèmù ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ keje àti ọjọ́ ọgbọ̀n ni ìwọ̀n tí ó ṣe kókó jù. Bí ti ọjọ́ kejì bá burú, ìpolówó kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tún ojú ewé ìsọ̀ ṣe

Orúkọ géèmù kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà àti àmì 30 lọ nínú ìsọ̀ méjèèjì, àpèjúwe kúkúrú ti Google kò sì gbọdọ̀ ju 80 lọ. Ẹ wá orúkọ náà káàkiri kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀, kí ó má jẹ́ àmì òwò ẹlòmíràn. Ẹ wo àmì áàpù ní ìwọ̀n èékánná. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ó ti ní ohun púpọ̀ jù nínú. Àwòrán ìṣeré gidi ni kí ó kọ́kọ́ hàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ tún ní láti dáhùn ìbéèrè nípa ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún, kí ẹ sọ àwọn àlàyé tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣeré, títí kan èyí tí sọ́fítíwia ìpolówó ń gbà láìfi tó yín létí, kí ẹ sì fi ìlànà àṣírí yín síta.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbé e jáde díẹ̀díẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ṣí géèmù náà ní orílẹ̀-èdè kan tàbí méjì, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún àwọn àṣìṣe ṣe kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé. Ẹ má gbé nǹkan jáde ní ọjọ́ Ẹtì, àfi bí ẹ bá fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ yín tún un ṣe.

Fún àwọn ẹ̀dà tuntun tí yóò tẹ̀lé e, Apple lè pín in láàárín ọjọ́ méje: ìdá 1, 2, 5, 10, 20, 50, kí ó tó pé 100. Google náà ń jẹ́ kí ẹ yan ìdá tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì dá a dúró bí wàhálà bá yọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀dà tí kò dára bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ú lọ nìkan ló lè wò ó sàn. Ẹ máa wo Android vitals, ibi tí Google ti ń fi ìlera áàpù yín hàn, lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: bí géèmù bá ń kú lójijì mọ́ ju ìdá 1.09 nínú 100 àwọn tí ń lò ó lójúmọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó ń dì gbagidi mọ́ ju ìdá 0.47 lọ́wọ́, Google lè dín bí ó ṣe ń hàn sí àwọn ènìyàn kù.

Ẹ dáhùn àwọn tí ó bá bínú nínú ìsọ̀, ní kúkúrú, láìjiyàn, kí ẹ sì padà sọ fún wọn nígbà tí àtúnṣe bá jáde. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yí ìràwọ̀ wọn padà. Ẹ ya ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti bá ìlànà tuntun Android mu, nítorí áàpù tí kò bá tẹ̀lé e kò ní lè gba ẹ̀dà tuntun sínú ìsọ̀ mọ́, tí ó bá sì pẹ́ jù, kò ní hàn sí àwọn tí fóònù wọn jẹ́ tuntun. Bí ọjọ́ kan bá dé tí géèmù náà kò mú owó wá tó iṣẹ́ tí ó ń gbà, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀ Google. Àwọn tí ó ti ní i lórí fóònù yóò ṣì máa lò ó. Àmọ́ bí ó bá gbára lé sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kéde ọjọ́ tí ẹ ó pa á fún wọn ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì ti kọ́kọ́ dáwọ́ owó gbígbà nínú eré dúró.